Fèrèsé wà, iná ṣì ń jó lọ́sàn-án: ìdáhùn fún aránṣọ kan ní Kábà

Ìyá kan tó ń ránṣọ ní Kábà ló kọ̀wé sí mi báyìí: “Bọ̀dá oníná, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ iṣẹ́ méjìlá ló wà lọ́dọ̀ mi. Ṣọ́ọ̀bù mi fẹ̀ ní fíìtì 16, ó sì wọ inú lọ ní 40. Fèrèsé ńlá méjì kọjú sí títì, kékeré kan wà lẹ́yìn. Túúbù LED mẹ́jọ ni mo fi sí i, swíìṣì kan ṣoṣo ló ń tan gbogbo wọn. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ tí a bá ti ṣílẹ̀kùn títí di mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni iná ń jó, oòrùn ìbáà ràn, ìbáà má ràn. Tóókìn kì í pẹ́ tán. Oníṣẹ́ iná kan ní kí n jẹ́ kí òun fi dímà, swíìṣì tí wọ́n ń yí láti dín ìmọ́lẹ̀ kù, sí i, pé bí mo bá yí iná wálẹ̀ dé ìdajì, owó iná mi náà á di ìdajì. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, pé ṣe ni dímà ń sọ iná tó kù di ooru, mítà á ṣì máa kà á. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Mi ò sì fẹ́ kí ojú àwọn ọmọ ọlọ́mọ bàjẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Òkun o, ìyá wa, bí a ti ń kíra nílẹ̀ Òkun wa ní agbègbè Kábà. Àwọn méjèèjì ló ní òótọ́ díẹ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dáhùn ohun tó ń dùn yín nínú wọn. Ohun tó ń dùn yín ni pé Ọlọ́run ń fún yín ní ìmọ́lẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ sì tún ń rówó fún ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀ kan náà, torí pé ọmọ tó jókòó lẹ́yìn kò ríran. Swíìṣì kan ṣoṣo yẹn ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Òun ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ bá jà. Ọ̀rọ̀ dímà lè tẹ̀ lé e, àmọ́ kò gbọdọ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ ooru kúrò nílẹ̀ ná. Ẹni tó sọ ọ́ kò parọ́, ohun àtijọ́ ló mọ̀. Dímà ìgbà kan jẹ́ wáyà tó ń dènà iná, irú èyí tó wà nínú àwọn rẹgulétọ̀ fáànù ńlá ayé ọjọ́un. Tí fáànù bá wà ní nọ́ńbà kan, tí ẹ fọwọ́ kan rẹgulétọ̀ lára ògiri, á gbóná. Ooru yẹn, mítà kà á. Dímà òde òní kò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Iná tó ń ti orí òpó wá máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àtilọ àtibọ̀ rẹ̀ jẹ́ 100. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn 100 yìí ni dímà ti ń pa iná fún ìgbà díẹ̀, tó sì tún ń tàn án, kíákíá débi pé ojú wa kò lè bá a. Ẹ fi wé ẹni tó ń ṣí ẹ̀rọ omi tó tún ń tì í. Omi tí kò bá jáde, kò sí ẹni tó máa sanwó rẹ̀. Ooru díẹ̀ ṣì máa ń wà lára dímà náà, àmọ́ kò tó nǹkan.

Ti ẹni tó ní owó á di ìdajì ńkọ́? Irú gílóòbù tó wà lókè ló máa sọ. Gílóòbù àtijọ́ onírin pupa, bí ẹ bá yí i wálẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi di ìdajì, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 iná tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni yóò ṣì máa jẹ, yóò kàn máa pọ́n sí i ni. Ti LED sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa: bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀ ni iná tó ń jẹ náà ń lọ sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé. Ṣùgbọ́n ìdajì owó gílóòbù kì í ṣe ìdajì owó iná ṣọ́ọ̀bù. Áyọ́ọ̀nù yín wà níbẹ̀. Fáànù wà níbẹ̀. Mo máa padà sórí áyọ́ọ̀nù yẹn.

Ojú èèyàn náà ní àṣà tirẹ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá dín kù títí ó fi ku ìdá kan nínú mẹ́rin, lójú wa, ìdajì ló máa dà bíi pé ó kù. Èyí dára fún àpò yín, torí pé bí ẹ bá yí LED wálẹ̀ dé ibi tí ojú yín pè ní ìdajì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin iná ló ń jẹ níbẹ̀. Àṣà yìí kan náà ló sì ń tan àwọn ọmọ yín jẹ. Ọmọ tó jókòó lẹ́yìn tó kọjú sí fèrèsé iwájú, ìmọ́lẹ̀ títì ń gún un lójú, ẹyinjú rẹ̀ á sún kì, aṣọ tó wà níwájú rẹ̀ á wá dúdú ju bó ṣe yẹ lọ. Ó máa ní kí wọ́n tan iná. Kò purọ́, kò ríran lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí ẹ̀rọ rẹ̀ kí fèrèsé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lápá òsì fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣiṣẹ́, ẹ máa rí i pé igbe iná á rọlẹ̀. Ẹ má fi fèrèsé sí ojú rẹ̀ gan-an, ẹ má sì fi sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí òjìji ara rẹ̀ má bàa bo iṣẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kò wọ́n wa rárá nílẹ̀ Òkun. Ibi tí a wà kò jìnnà sí àárín ayé, ọ̀sán wa kì í yàtọ̀ púpọ̀ sí wákàtí 12 láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Ohun tí àwọn ará Yúróòpù ń wá lójú méjèèjì nígbà òtútù ló wà lẹ́nu ọ̀nà wa lójoojúmọ́. Lux ni ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí nǹkan ṣe pọ̀ tó. Tí oòrùn bá ràn gan-an, ìta gbangba lè tó 100,000 lux. Ìlànà tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù ní kí ibi tí wọ́n ti ń ránṣọ ní 750, kí ibi tí wọ́n ti ń kọ̀wé nínú ọ́fíìsì ní 500. Ẹ rí i pé ohun tó wà níta ju ohun tí ẹ ń wá lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Àtiwọlé ni ìṣòro rẹ̀. Bí orí fèrèsé bá ga ní fíìtì 7 sí ilẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó tó ṣiṣẹ́ kì í sábà kọjá fíìtì 10 sí 15 sínú yàrá. Ṣọ́ọ̀bù yín gùn ní 40. Ó túmọ̀ sí pé iwájú yín lè wà láìtan iná fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àárín nílò ìrànlọ́wọ́ díẹ̀, ẹ̀yìn kò sì lè dá dúró láìsí iná. Ẹni tó bá sọ fún yín pé fèrèsé nìkan tó, kò tíì jókòó sídìí ẹ̀rọ lẹ́yìn yẹn.

Ṣé ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó wọlé tilẹ̀ ń wọlé? Mo ti wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó pọ̀ láti Ìyàrà dé Ìsánlú, ohun kan náà ni mo máa ń rí. Kàlẹ́ńdà sítáìlì ni wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé látòkè délẹ̀. Aṣọ tí oníbàárà kò tíì wá gbà ni wọ́n fi kọ́ ojú fèrèsé kejì. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà níbẹ̀, eruku ọyẹ́ ọdún tó kọjá ṣì wà lára rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, mo jókòó de ọmọ iṣẹ́ kan kó bá mi gán ṣòkòtò. Òwú já. Ọmọ náà dìde kúrò lábẹ́ túúbù tó ń jó lórí rẹ̀, ó mú abẹ́rẹ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé e sókè kọjú sí ojú ọ̀run, ó fi itọ́ ra ẹnu òwú, ó kì í bọ ihò lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì padà wá jókòó sábẹ́ túúbù. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ojú rẹ̀ mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ gidi wà. Àwọn ìyá wa tó ń hun kíjìpá náà mọ̀ ọ́n. Ìyá ìyá mi kì í gbé òfì rẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà kò bá ti kan òwú.

Nítorí náà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí iná, ẹ ṣí kàlẹ́ńdà yẹn kúrò, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ gbé aṣọ tó wà lójú fèrèsé lọ sẹ́yìn. Ẹ fọ nẹ́ẹ̀tì, ẹ nu gíláàsì, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Bí ògiri yín bá jẹ́ búlúù tàbí àwọ̀ ilẹ̀, ọ̀dà funfun ló máa ṣe yín lóore jù: ògiri funfun ń dá nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á padà sínú yàrá, ògiri dúdú ń gbé èyí tó pọ̀ jù mì. Síìlì ló yẹ kó funfun jù lọ. Bí ẹ kò bá lè kun gbogbo rẹ̀, ẹ kun ògiri ẹ̀yìn tó kọjú sí fèrèsé àti síìlì.

Ẹ ṣọ́ oòrùn fúnra rẹ̀ o. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run là ń wá, kì í ṣe oòrùn tó ń ta sórí aṣọ. Oòrùn tó bá wọlé tààrà ń gbé ooru wọlé, ó sì ń ṣá àwọ̀ áńkárá. Ní agbègbè wa, oòrùn máa ń dé àárín orí gan-an ní oṣù kẹrin, ó tún máa ń padà débẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Láàárín méjèèjì, apá àríwá ló ń gbà kọjá lọ́sàn-án; nínú oṣù tó kù, apá gúúsù. Fèrèsé tó bá kọjú sí àríwá tàbí gúúsù, tí páànù bá yọ bò ó dáadáa, kì í ní wàhálà. Ti ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn ló le. Bí títì yín bá wà ní ìwọ̀ oòrùn, láti bí aago mẹ́ta ni oòrùn á ti máa wọlé bá yín, ẹnì kan á fa kọ́tìnì, ṣọ́ọ̀bù á ṣú, wọ́n á tún tan iná. Kọ́tìnì funfun fẹ́lẹ́ dára jù níbẹ̀, torí pé á fọ́n ìmọ́lẹ̀ náà ká dípò kó dí i pa. Ẹ má sọ fún oníwíńdò pé kó fi gíláàsì aláwọ̀ ilẹ̀ sí i torí oòrùn. Gbogbo ọjọ́ tí òjò bá ṣú ni ẹ máa fi owó iná san án.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò wàyí. Túúbù onífíìtì mẹ́rin sábà máa ń jẹ́ wáàtì 18. Mẹ́jọ jẹ́ 144. Wákàtí 10 lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù, yúnìtì 37 àti díẹ̀ ni (wáàtì 1,000 tó jó fún wákàtí kan ni yúnìtì kan). Ká ní ẹ ya túúbù mẹ́ta tó súnmọ́ fèrèsé sí swíìṣì tirẹ̀, tí ẹ sì pa á fún wákàtí 8 nínú 10, ẹ ti fi yúnìtì 11 pamọ́. Ká ní ẹ tún ṣe dímà sí méjì àárín, tí wọ́n ń jó ní ìdajì fún wákàtí 8 yẹn, yúnìtì tí kò tó 4 ni yóò fi kún un. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ yúnìtì 15 nínú 37, ìdá 40 nínú 100. Owó gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti wá: swíìṣì lásán, tí kò ju wáyà díẹ̀ àti owó iṣẹ́ lọ, ló mú mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ wá. Dímà mú ẹyọ kan tó kù. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta yúnìtì fún yín lórí rìsíìtì tóókìn ṣe ìsọdipúpọ̀. Àdúgbò tí wọ́n fi sí Band A, ìyẹn àwọn tí iná ń wá fún jù lọ, níbi tí wọ́n ti gbé yúnìtì dé náírà 225 ní oṣù kẹrin ọdún 2024, yàtọ̀ pátápátá sí àdúgbò tí iná ti ń wá fún wákàtí díẹ̀.

Áyọ́ọ̀nù tí mo ní mo máa padà sí nìyí. Èyí tó jẹ́ wáàtì 1,000, bí àkókò tó fi ń gbóná gan-an bá pé wákàtí kan péré lójúmọ́, yúnìtì 26 ló jẹ lóṣù. Ìyẹn ju gbogbo ohun tí ẹ lè rí fipá mú lára iná òkè lọ. Ẹ kó aṣọ jọ, ẹ lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, dípò kí áyọ́ọ̀nù máa gbóná látàárọ̀ torí kọ́là kan.

Mo ti fi dímà ṣe àṣìṣe rí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní agbègbè wa pè mí láti wá fi dímà sí yàrá olùkọ́. Wọ́n ti ra gílóòbù LED sílẹ̀, n kò ka ara páálí rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí mo parí rẹ̀, àwọn gílóòbù náà ń kùn bí oyin, wọ́n ń ṣẹ́jú. Kí oṣù tó parí, márùn-ún ti kú. Owó ara mi ni mo fi ra òmíràn, ó sì dùn mí, torí pé wọ́n gbọ́kàn lé mi. Kì í ṣe gbogbo LED ló gba dímà. Páálí gbọ́dọ̀ kọ ọ́ pé “dimmable”. Bí kò bá sí níbẹ̀, tàbí tó kọ “non-dimmable”, ẹ má gbà. Ọ̀pọ̀ jù lọ túúbù LED tí wọ́n ń tà lọ́jà wa kò gbà á, ó sì ṣeé ṣe kí tiyín wà lára wọn. Dímà fúnra rẹ̀ tún gbọ́dọ̀ jẹ́ ti LED. Èyí tí wọ́n ṣe fún gílóòbù àtijọ́ ń retí ẹrù tó wúwo. Wáàtì 9 ti LED kéré lójú rẹ̀, ìyẹn ló ń mú kó máa ṣẹ́jú. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so gílóòbù mọ́ rẹgulétọ̀ fáànù fún yín. Fáànù ni wọ́n ṣe é fún.

Fún túúbù méjì àárín yẹn, èmi á kúkú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní swíìṣì tirẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹ tan ọ̀kan. Bí òjò bá ṣú, ẹ tan méjèèjì. Dímà tí kì í bàjẹ́ nìyẹn. Dímà gidi tọ́ sí ibi tí títàn àti pípa máa ń yọ èèyàn lẹ́nu, bíi wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn, ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí pálọ̀. Irú èyí tó ní sẹ́ńsọ̀, tó ń wo ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó sì ń yí iná wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ilé ńlá. Àwọn olùwádìí ní Lawrence Berkeley National Laboratory ní Amẹ́ríkà kó àbájáde ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní ọdún 2012, wọ́n sì rí i pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fi nǹkan bí ìdá 28 nínú 100 iná àfitànmọ́lẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n iná wọn kì í lọ. Fún ṣọ́ọ̀bù tó ní túúbù mẹ́jọ, owó rẹ̀ á pẹ́ kó tó padà, mi ò ní gbà yín níyànjú rẹ̀ lónìí.

Bí ẹ bá ń lo ínfátà nígbà tí iná bá lọ, ẹ ṣọ́ra: ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kò rí bíi ti òpó máa ń da dímà láàmú, gílóòbù á máa gbọ̀n. Lórí ínfátà tó dára tàbí sólà, gbogbo wáàtì tí ẹ bá dín kù ló ń mú kí bátìrì pẹ́ sí i, níbẹ̀ ni èrè rẹ̀ pọ̀ jù. Ti jẹnẹrétọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó kàn ń gbé gílóòbù díẹ̀ ń mu epo tí kò yàtọ̀ púpọ̀, ẹ dín iná kù tàbí ẹ má dín in kù. Pípa á lọ́sàn-án nìkan ni ìfowópamọ́ tó wà níbẹ̀.

Ti ojú àwọn ọmọ, tó ká mi lára bó ṣe ká yín lára: ẹ má dúró de túúbù òkè nìkan. Bí iná bá súnmọ́ iṣẹ́ ní ìdajì ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lórí aṣọ á di ìlọ́po mẹ́rin. Gílóòbù wáàtì 3 tó tẹrí ba sórí abẹ́rẹ́ wúlò fún ọmọ tó wà lẹ́yìn ju túúbù kejì lókè rẹ̀ lọ. Aṣọ dúdú tí ẹ ń fi òwú dúdú rán ló nílò rẹ̀ jù, torí pé aṣọ dúdú kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà. Gbogbo iná yàrá lè máa jó, kí ojú ṣì máa wá ilà òwú. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e wá síwájú lọ́sàn-án. Ẹ sì máa bá oníbàárà yan àwọ̀ òwú lẹ́nu ọ̀nà, torí pé LED tí kò dára máa ń yí àwọ̀ pupa padà.

N kò tíì rí síìlì yín, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe fa wáyà yín. Bó bá jẹ́ inú ògiri ni wọ́n gbé e gbà, iṣẹ́ náà á pọ̀ díẹ̀; bó bá jẹ́ orí síìlì, kò lè ju ọjọ́ kan lọ. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ ṣe èyí fún mi. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí ojú fèrèsé, ẹ pa gbogbo iná ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Kí ọmọ kan mú abẹ́rẹ́ àti òwú, kó máa ti ẹnu ọ̀nà bọ̀ wá sẹ́yìn, kó máa ki òwú bọ ihò ní ìdí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti kọ́kọ́ tàsé, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tí ẹ fi ń sàmì sáṣọ fa ilà sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tún un ṣe ní aago kan ọ̀sán, àti ní mẹ́rin, àti ní ọjọ́ tí òjò bá ṣú. Oníṣẹ́ iná tó bá dé, ẹ fi àwọn ilà náà hàn án, kí ẹ ní kó ya swíìṣì níbẹ̀.